TA NI Ó Ń KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ WA NÍ NOMAN'S LAND?

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n fọkàn sí ni pé kí n yin àwọn ọmọ tó yege, kí n kí àwọn òbí wọn kú oríire, kí n sì fi àdúrà parí rẹ̀. Ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú mi kì í ṣe ti ìyìn, bí mo bá sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ lọ́dún yìí, kò ní jẹ́ kí n sùn títí di ọdún tó ń bọ̀.

Bí ìwé ìrántí tọdún tó kọjá bá ṣì wà nílé yín, ẹ lọ mú un, kí ẹ ṣí i sí ibi tí ìpolówó wà. Ẹ ó rí ìpolówó àwọn ilé ìwé aládàáni tó wà ní Noman's Land níhìn-ín àti láàárín Sabon Gari. Ẹ ó rí ilé alájà méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ ó rí bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé sí lára, ẹ ó rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n so táì mọ́ lọ́rùn níwájú kọ̀ǹpútà. Ẹ ó rí fọ́tò ẹni tó ni ilé ìwé, agbádá tàbí gèlè rẹ̀ á gba ìdajì ojú ewé. Ẹ ó kà á pé "International" ni ilé ìwé náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ará òkèèrè kankan níbẹ̀, àfi bí a bá ka àwa ará Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí a wà ní Kánò sí ará òkèèrè. Ohun kan ni ẹ kò ní rí, orúkọ olùkọ́. Ẹ kò ní rí ẹyọ kan. Ẹ kò ní mọ ohun tí ó kà, ẹ kò ní mọ ibi tí ó ti kà á, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ bóyá ó kàwé rárá.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí tẹ́lẹ̀. Àwa tí a wà ní ilé ìwé girama ní nǹkan bí 1982, 1983, a rántí ìwé ìròyìn tí ilé ìwé wa máa ń tẹ̀ ní òpin ọdún. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn olùkọ́ nìkan. Orúkọ ọ̀gá àgbà ni yóò ṣáájú, igbákejì á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni gbogbo olùkọ́ títí dé ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ìwé ẹ̀rí tí ó ní àti ibi tí ó ti gbà á: B.Sc. Ìbàdàn, B.A. Zaria, NCE Òndó, Grade Two Ọ̀yọ́. Àwa ọmọ mọ ojú ewé yẹn lórí. A mọ̀ pé tíṣà Kẹ́mísírì wa lọ sí Ifẹ̀, a sì ń fi í yangàn sí àwọn ọmọ ilé ìwé kejì. Ẹni tí kò ní ju Grade Two lọ, wọ́n kọ Grade Two sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tì í lójú, kò sì tì wá lójú. Ohun tó ń ti ènìyàn lójú nìkan ló ń fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣí mi lójú. Àbíkẹ́yìn mi wà ní ilé ìwé aládàáni kan ní àdúgbò yìí nígbà náà, n kò ní dárúkọ ilé ìwé ọ̀hún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, mo rí i pé olùkọ́ fi bírò pupa fa ìdáhùn kan rẹ́. Ìbéèrè náà ni pé, ìlú wo ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé? Ọmọ mi kọ Lọ́kọ́jà. Olùkọ́ fà á rẹ́, ó kọ Jẹ́bà sí i. Mo ní bóyá ọwọ́ ló ṣì í. Mo ṣí ìwé nóòtì, mo tún bá Jẹ́bà níbẹ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló pè é fún wọn, gbogbo kíláàsì sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi ọmọ pé, ibo ni ìwọ ti rí Lọ́kọ́jà? Ó ní nígbà tí à ń lọ sílé fún ọdún Kérésì, tí ọkọ̀ wa gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà, pé èmi ni mo na ìka sí odò méjèèjì láti ojú fèrèsé. Ó ní òun sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́, olùkọ́ sì ní kí òun lọ kúnlẹ̀ nítorí pé òun ń bá àgbà jiyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé ìwé náà. Ẹni tó ni ín kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n gbé mínírà wá. Mo bi í léèrè, jẹ́jẹ́ ni mo bi í, pé ìwé wo ni olùkọ́ yẹn kà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé ẹ̀rí ni ẹ wá yẹ̀ wò ni, àbí owó ilé ìwé tó kù lọ́rùn yín lẹ wá san?" Òótọ́ ni, mo jẹ wọ́n lówó, owó oṣù wa kò tí ì jáde. Ojú tì mí, mo dìde, n kò tilẹ̀ mu mínírà náà. Àwọn ènìyàn yìí mọ ibi tí wọ́n ti ń mú wa.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo wá mọ olùkọ́ ọ̀hún. Ọmọ tiwa ni, kò tí ì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ó ṣe WAEC, kírẹ́díìtì mẹ́ta ló ní, kò ní ti ìṣirò. Ó ń dúró de ìgbà tí yóò tún un ṣe, kí ó lè bọ́ sí JAMB. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń dúró, iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n kó lé e lórí ní kíláàsì méjì, owó tí wọ́n sì ń fún un lóṣù kò tó ìdajì owó tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ó ní inú ìwé kan tí òun rà lọ́nà ọjà ni òun ti ń wo nóòtì. Láti ọjọ́ yẹn n kò bínú sí ọmọ náà mọ́. Ẹni tó mú un kúrò ní títì, tó fún un ní ṣọ́ọ̀kì, tó ní kí ó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó sì gba owó lọ́wọ́ mi lórí rẹ̀, òun ni mo ń bá wí.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ fáìlì òṣìṣẹ́ sì ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Bí a bá fẹ́ gba ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì lóru, a ó ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí Primary Six rẹ̀ wá. A ó wo ojúlówó, a ó gba ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì, ẹnìkan yóò sì buwọ́ lù ú pé òun fi ojú òun rí ojúlówó. Awakọ̀ á mú láísẹ́ǹsì wá, a ó sì ní kí ó wa mọ́tò kí á wò ó. Ẹni tí yóò ṣọ́ géètì, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ orí ọmọ wa láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé aago méjì ọ̀sán fún ọdún mẹ́fà, ẹ ní ká má béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwé ńlá ló ń gùn mí. Dípúlómà Pólì ni èmi ní. Mo ti jókòó níwájú àwọn tó ń ṣe ìgbéga rí, tí wọ́n sọ fún mi pé ibi tí ìwé mi lè gbé mi dé nìyí, tí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ sì kọjá lójú mi nítorí pé dìgíríì ló ní. Mo mọ bí ó ṣe ń dùn ní ara. N kì í bọ dìgíríì. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tẹ́lọ̀ tí kò kọ́ṣẹ́ ò ní gé aṣọ mi.

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ èyí ní ìpàdé, ẹnìkan á dìde, á ní: "Àwọn tíṣà àtijọ́ ńkọ́? Ṣé dìgíríì ni wọ́n ní? Grade Two ni, Grade Three ni, ẹ sì wo àwọn èèyàn tó ti ọwọ́ wọn jáde." Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, ìdajì tó kù ni wọ́n gbé mì.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Grade Two? Wọ́n dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896, Wesley College ní Ìbàdàn sì tẹ̀lé e ní 1905. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n dá irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ọdún gbáko lórí ọdún gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ ọ bí a ti ń dúró níwájú ọmọ, bí a ti ń to ẹ̀kọ́ kalẹ̀, bí a ti ń kọ̀wé sí pátákó, bí a ti ń mọ ọmọ tí kò gbọ́ àti ọmọ tí ń ṣeré. Wọ́n á ní kí ó kọ́ ọmọ lójú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á sì jókòó sẹ́yìn, á máa kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀. D. O. Fágúnwà wọ St. Andrew's ní 1926, ó parí ní 1929, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké títí di 1939. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938. Kò ní dìgíríì kankan nígbà náà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ó pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí kò kọ́ṣẹ́? Ẹ má fi Fágúnwà gbèjà ọmọ tó gba kírẹ́díìtì mẹ́ta ní WAEC, tí ẹ fún ní ṣọ́ọ̀kì ní Monday, tó wọ kíláàsì ní Tuesday.

Àwọn tó ní dìgíríì láàárín wọn náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi í ṣe. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, Fourah Bay ní Sierra Leone ló ti gba tirẹ̀. Ó ṣe ọ̀gá ilé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ṣe ti Abẹ́òkúta láti 1932 títí di 1954. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, sílẹ̀ ní 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọkùnrin yìí kò ka iṣẹ́ olùkọ́ sí ibi tí a ń jókòó sí de iṣẹ́ báńkì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ bá pọ̀, ìtàn tiwa wà nílẹ̀. Ní January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ohun rere ni, n kò ní jókòó kí ẹnikẹ́ni máa bú u lójú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ya wọlé ju olùkọ́ tó wà lọ, wọ́n sì ní láti kó àwọn tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ní òpin 1960 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Banjo dìde láti wò ó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1961, ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí wọ́n ní ó ń fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ṣe rere kò tijú láti yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí ìjọba ológun tún gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1976, ọ̀rọ̀ àìtó olùkọ́ tún dìde, ó sì le ní òkè Ọya níhìn-ín ju ibòmíràn lọ.

Ẹ wá sí ìgbà tiwa. Ní 2008, ìjọba Kwara fún àwọn olùkọ́ 19,125 ní ìdánwò nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Àwọn 75 ló dé ojú ìwọ̀n. N kò ṣi í kọ o, 75 ni. Ní 2017, Kaduna tó wà nítòsí wa ṣe ti wọn. Ìdánwò ọmọ Primary Four ni wọ́n fún àwọn olùkọ́ bí 33,000, àwọn 21,780 kò sì rí máàkì 75 gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Ariwo ta, ẹgbẹ́ olùkọ́ fárí gá. Ẹ̀yin náà rántí bí a ṣe fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ní ọjà Sabon Gari. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń rẹ́rìn-ín, ta ló tí ì fún olùkọ́ ilé ìwé tí àwa ń sanwó fún ní ìdánwò rí? Àwọn ti ìjọba ní fáìlì tí a lè ṣí. Àwọn tiwa kò ní fáìlì.

Àwọn ti Kwara àti Kaduna yẹn ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ o, èyí ni kò jẹ́ kí n sọ pé bí ìwé bá ti wà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwé pàápàá ti di ohun tí à ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí àwa ará Kánò mọ èyí ju gbogbo ènìyàn lọ. Ìpínlẹ̀ yìí ni Salisu Buhari ti wá, tó di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Abuja ní June 1999, tí ìwé ìròyìn TheNEWS sì tú u fó pé kò lọ sí Yunifásítì Toronto tó ní òun ti kàwé. July kò tí ì tán tí ó fi ipò sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni "Toronto" ti di orúkọ tí a fi ń pe ìwé ẹ̀rí ayédèrú. Ní òpin 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan tún kọ ọ́ síta bí òun ṣe gba dìgíríì láti Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní January 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró ná. N kò sọ pé gbogbo ilé ìwé wọn ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ń kàwé gidi. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà bẹ́ẹ̀ bá padà dé tí kò rí iṣẹ́ ìjọba, ibo lẹ rò pé yóò kọ́kọ́ yà sí? Ilé ìwé tí kì í yẹ ìwé wò ni.

Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni ti ọmọ tó lọ yunifásítì gidi, tó ka Banking and Finance tàbí ẹ̀kọ́ nípa òkúta inú ilẹ̀, tí kò rí iṣẹ́. Ó yà sí ilé ìwé, wọ́n ní kí ó máa kọ́ni ní Físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ni ilé ìwé á wá sọ fún wa pé gírájúéètì ni gbogbo olùkọ́ òun. Òtítọ́ ni, ọmọ náà mọ̀wé. Kí ènìyàn mọ nǹkan yàtọ̀ sí kí ó mọ bí a ti ń fi yé ọmọ ọdún méjìlá. Òfin ilẹ̀ yìí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin 31 ti ọdún 1993 ló dá TRCN sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. NCE ni ìwé tó kéré jù tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè gbà fún olùkọ́, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbà á, kíkọ́ ọmọ lójú ọ̀gá sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní dìgíríì tí kì í ṣe ti iṣẹ́ olùkọ́, PGDE wà tí yóò lọ gbà. Láti 2017 ni TRCN sì ti ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó fẹ́ wọlé. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní olùkọ́ ni òun, ó yẹ kí ó ní nọ́ńbà, bí dókítà àti lọ́yà ti ní.

Àwọn tó ni ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì yẹ kí n sọ ọ́, nítorí pé àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń gbé àga wọn wá fún wa lò ní ọjọ́ àpèjẹ. Wọ́n ní olùkọ́ tó ní NCE kò pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn wàhálà 1991 àti ti 2004, ọ̀pọ̀ àgbà olùkọ́ wa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n gba ilé lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá tilẹ̀ rí ẹni gidi, bí ìjọba bá ti gba òṣìṣẹ́ báyìí, ó ti lọ. Òun náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n NTI wà ní Kaduna, ó ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní NCE láti 1990, ìparí ọ̀sẹ̀ àti ìgbà ìsinmi ni wọ́n ń kàwé. Ọmọkùnrin tó fi Jẹ́bà kọ́ ọmọ mi, bí ó bá rí kírẹ́díìtì rẹ̀ tún ṣe, tí ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì san ìdajì owó NTI fún un, tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé pé yóò sin òun fún ọdún mẹ́rin, ṣé kò ní di olùkọ́ ni? Owó tí wọ́n fi ra bọ́ọ̀sì kejì ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Àwa òbí ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká fi gbogbo ẹjọ́ lé ẹni kan lórí. Bí a bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, ohun tí à ń béèrè ni pé, ṣé ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ṣé ẹ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ṣé ọmọ á lè wọ aṣọ eré ìdárayá ní Friday, eélòó ni. A kì í béèrè olùkọ́. Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin. Bí ilé ìwé kan bá ní òun fẹ́ san ju ìyẹn lọ fún olùkọ́ gidi, tí ó fi díẹ̀ kún owó ilé ìwé, a ó fi ìbínú kó ọmọ wa lọ sí èyí tó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún dín. Owó kan náà ni a ó fi ra aṣọ ẹbí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nígbà tí WAEC bá dé, tí ọmọ kò mọ nǹkan, a ó tún wá owó fún àwọn tó ń kọ ìdáhùn sí pátákó fún wọn. A sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún ohun tí a kọ̀ láti san lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tó dùn mí jù ni ti iṣẹ́ Yorùbá. Ilé ìwé tí mo gbé ọmọ mi lọ lẹ́yìn ti Jẹ́bà yẹn, mo bèèrè dáadáa kí n tó san kọ́bọ̀, wọ́n sì fi NCE hàn mí fún ìṣirò, fún Gẹ̀ẹ́sì, fún sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí mo bèèrè ti Yorùbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní akọ̀wé owó wọn ló ń kọ́ wọn, ọmọ Ìkirè ni. Ṣé nítorí pé ènìyàn jẹ́ ọmọ Ìkirè ló ṣe di olùkọ́ Yorùbá? Mo wo ohun tó kọ sínú ìwé ọmọ, kò sí àmì kan lórí rẹ̀, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ jọ dọ́gba síbẹ̀. Àwa tí a wà nílé lè máa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé ọmọ á gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà, á gbọ́ ọ lọ́jà. Níhìn-ín, Hausa ni ọmọ wa ń gbọ́ níta, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, ìwọ̀nba Yorùbá tó kù ni àwa tí ó ti rẹ̀ nígbà tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé. Bí kíláàsì Yorùbá bá tún wà lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ, ibo ni yóò ti gbà á?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èyí hàn láti 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rántí níbẹ̀ ni pé olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ dunjú ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lè sọ ọ́ lè kọ́ ọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025 wọ́n tún ní kí a fi í sílẹ̀. Àwa tí a wà ní Kánò kò lè máa dúró de bí Abuja bá ṣe jí. Ẹgbẹ́ wa lè wá olùkọ́ Yorùbá kan tó ní NCE tàbí dìgíríì nínú Yorùbá, kí ilé ìwé mẹ́ta mẹ́rin jọ máa sanwó rẹ̀, kí ó máa yí ká.

Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911, ìwé ló sì mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tẹ̀lé e dé ìlú yìí. Wọ́n mọ̀wé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ nígbà náà, òun ni wọ́n fi di akọ̀wé ní réluwéè àti ní àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, òun ni wọ́n fi ra ilẹ̀ tí à ń gbé lórí rẹ̀ títí dòní. Ìgbà tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí mo rí àwọn ọmọ ọmọ wọn pẹ̀lú táì lọ́rùn tí wọ́n ń rọ́ jáde láti ilé alájà méjì yẹn, n kì í lè má bi ara mi pé, kí ni wọ́n kọ́ wọn lónìí?

Nítorí náà, mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má sọ pé mo yọ ọ̀rọ̀ sí wọn. Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, n ó dá a lábàá pé kí ìwé ìrántí yìí má gba ìpolówó ilé ìwé kankan mọ́, àfi bí ilé ìwé náà bá fi orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kà àti ibi tí wọ́n ti kà á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Akápò ti sọ fún mi pé owó ìpolówó ilé ìwé ni a fi ń tẹ ìdajì ìwé yìí. Mo mọ̀. Bí ó bá gbà pé kí ìwé ìrántí kéré, kí ó kéré.

Mo ti tẹ fọ́ọ̀mù kan, ojú ewé kan péré ni: orúkọ, ìwé ẹ̀rí, ibi tí ó ti gbà á, ọdún tí ó gbà á, iṣẹ́ tí ó ń kọ́, nọ́ńbà TRCN. Kò béèrè ọjọ́ orí, kò béèrè owó oṣù, kò béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Mo fún ẹni mẹ́ta tó ni ilé ìwé láàárín wa. Ẹnìkan ti kọ ọ̀rọ̀ kún tirẹ̀, ó dá a padà. Kì í ṣe òun ló ní ilé alájà méjì. Olùkọ́ mọ́kànlá ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mẹ́rin ní NCE, ẹnìkan ní dìgíríì nínú iṣẹ́ olùkọ́, méjì ń lọ sí NTI lọ́wọ́, àwọn mẹ́rin tó kù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn pé, "kò tí ì kọ́ṣẹ́." Mo ti mú àbíkẹ́yìn mi lọ síbẹ̀. Àwọn méjì tó kù ṣì ń wò mí níwòkuwò bí a bá pàdé lójú ọ̀nà. Fọ́ọ̀mù wọn wà lọ́wọ́ wọn.